Ẹyin Wà Nílé, Ẹ̀gẹ́ Wà Lóko: Kí Ló Kù Kí A Fi Ṣe Máfíìnì?

Iná ò sí. Aago márùn-ún ìdájí ti kọjá ní Adégbàyí, nílùú Ìbàdàn, òkùnkùn ṣì bo àdúgbò, àfi ẹ̀yin iná tó ń pọ́n lẹ́yìnkùlé ilé kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́. Ìkòkò ńlá kan ló jókòó lórí ààrò èédú náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Iyanrìn ni, iyanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n sì ti sá gbẹ dáadáa. Wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lé iyanrìn náà, wọ́n wá to agolo mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ sórí rẹ̀. Ìyá tó ń dáná fi ẹ̀mú kó ẹ̀yin iná díẹ̀ sórí ọmọrí, kí orí ohun tó wà nínú agolo lè pọ́n bí ìdí rẹ̀ ti ń pọ́n.

Kò pẹ́ tí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti nọ́tímẹ́ègì fi gba gbogbo àgbàlá. Ọmọkùnrin kan jáde wá, ó wọ ṣòkòtò ilé ìwé, kò tíì wọ ẹ̀wù. Ó kí ìyá rẹ̀, ó sì jókòó ti ààrò. Ìyá mú ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun kan tí kò kan ilẹ̀ rí, ó gún àárín ọ̀kan nínú àwọn agolo náà, ó fà á yọ, ó sì fi iná fóònù wò ó. Ẹyọ ìgbálẹ̀ náà gbẹ. Máfíìnì ti jinná.

Kò sí ohun tuntun nínú kí ìyá ṣe ìpápánu fún ọmọ. Ohun tó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdajì ìyẹ̀fun tí ìyá yìí lò kì í ṣe àlìkámà. Ẹ̀gẹ́ ni.

Abọ́ méjì péré

Máfíìnì kì í ṣe kéèkì ìgbéyàwó. A kì í fi ṣúgà funfun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi wákàtí kan na bọ́tà àti ṣúgà títí apá yóò fi máa dunni. Abọ́ méjì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ohun gbígbẹ wà nínú ọ̀kan: ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀ àti bákíǹ páúdà. Àwọn ohun olómi wà nínú èkejì: ẹyin, mílíìkì àti òróró. A ó da olómi sínú gbígbẹ, a ó fi ṣíbí igi pò ó díẹ̀, a ó sì bù ú sínú agolo.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí yíìsì mú wú ni wọ́n ń pè ní máfíìnì, àwọn tó ń kiri rẹ̀ a sì máa lu aago ọwọ́ káàkiri òpópónà. Èyí tí à ń sọ yìí, tí orí rẹ̀ ń ga ju agolo lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti gbilẹ̀. Bákíǹ páúdà ló sì mú kó ṣeé ṣe. Ní 1843, Alfred Bird, apòògùn kan ní ìlú Birmingham, po ìyẹ̀fun kan tó lè mú búrẹ́dì wú láìlo yíìsì, nítorí pé yíìsì kì í bá ara ìyàwó rẹ̀ mu. Ìfẹ́ aya ló wà nídìí agolo kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo wa lónìí.

Ohun tó wà nínú agolo náà kò ju mẹ́ta lọ: sódà, ohun kíkan tó gbẹ, àti sítáàṣì díẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì fara kanra kí ọjọ́ tó pé. Bí omi bá ti kàn wọ́n, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí iná bá tún mú wọn, wọn a tú púpọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń ti máfíìnì sókè. Ẹyin àti sítáàṣì inú ìyẹ̀fun á wá jinná yí i ká, ihò wẹ́wẹ́ á sì dúró síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pípò. Nílé wa, kókó inú àmàlà ìtìjú ni, a ó rò ó títí yóò fi dán. Máfíìnì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ń fi agbára po fúláwà àlìkámà tó ti mu omi, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gluten, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta okùn, máfíìnì á sì le. Ẹ pò ó títí ẹ ò fi ní rí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró, bí kókó díẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ gluten yìí sọ́kàn. Òun ni a máa padà bá nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́.

Ohun tí ilẹ̀ wa ń mú jáde

Ẹni tó bá ti Adégbàyí gba ọ̀nà Ẹgbẹ́dá lọ dé Aṣẹ́jìrẹ́, tàbí tó yà sí Akànrán lápá Ọ̀nà-Àrà, tàbí tó gba Lálúpọn wọ Lágelú, yóò rí i pé ilé adìẹ kò jìnnà síra wọn. Ẹyin tí Ìbàdàn ń jẹ, apá ibí yìí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Kéréètì kan, ẹyin 30, ti wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí oúnjẹ adìẹ ti wọ́n. Síbẹ̀ àwọn obìnrin tó súnmọ́ oko adìẹ mọ ọgbọ́n kan: wọ́n máa ń ra ẹyin tó sán díẹ̀, tí kò ṣeé kó lọ sọ́jà, ní ẹ̀dínwó. Ewu rẹ̀ kò pọ̀, bí èèpo inú rẹ̀ kò bá tíì ya, tí a lò ó lọ́jọ́ náà gan-an, tí a sì sè é jinná.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ńkọ́? Èyí tó ti rọ̀, tí ara rẹ̀ ti dúdú, tí ẹni tó ń tà á fẹ́ dànù nírọ̀lẹ́, òun gan-an ló dára jù. Ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀, òórùn rẹ̀ sì ti jáde. Àgbọn, ẹ̀pà, òróró, gbogbo rẹ̀ ló wà ní tòsí. Ṣúgà nìkan ni mi ò lè fi yangàn, nítorí ilẹ̀ Bùràsíìlì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá.

Ó wá ku fúláwà.

Obìnrin kan tó ń ta nǹkan ìyan-kéèkì ní Adégbàyí sọ pé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ ọjà, kọ́ńgò ni àwọn oníbàárà máa ń ra fúláwà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ra ìdajì àpò fún ọdún Kérésìmesì. Lónìí, ó ní, ọ̀pọ̀ ló ń bèèrè bóyá òun lè wọn ìlàjì kọ́ńgò. Kí àrùn Kòrónà tó dé, àpò fúláwà 50 kílò kò ju nǹkan bí 10,000 náírà àti díẹ̀ lọ. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá 50,000. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 dá kún un, ṣùgbọ́n èyí tó fi ojú wa rí màbo ni bí náírà ṣe ṣubú láti oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là ni a fi ń ra àlìkámà. Bí dọ́là bá sín, máfíìnì Adégbàyí á wúkọ́.

Bí àlìkámà ṣe di olóyè láàrin wa

Àlìkámà kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ Yorùbá. Ọyẹ́ ló ń fẹ́. Kánò, Jígáwá, Bọ̀rnó àti Kẹ́bbí ni wọ́n ti ń gbìn ín lásìkò tí òtútù bá mú, omi odò ni wọ́n sì ń darí sí i. Ohun tí wọ́n ń kórè níbẹ̀ kò tó nǹkan lára ohun tí a ń jẹ. Ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń gba orí omi wọlé.

Ẹnu wa kò ṣàdédé mọ́ ọn. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, dé sí Èkó ní 1913 láti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921 òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì tà ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, òwò náà sì gbòòrò débi pé ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀rọ ìlọ̀ àlìkámà ńlá ti Flour Mills of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá ní 1962. Nígbà tí owó epo dé, a ra àlìkámà bí ẹni pé owó náà kò ní tán. Ní 1985, àwọn onímọ̀ méjì láti Sweden, Gunilla Andrae àti Björn Beckman, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní The Wheat Trap, wọ́n fi ṣàlàyé bí Nàìjíríà ṣe kó sínú pàkúté àlìkámà.

Ìjọba Babangida gbìyànjú láti já pàkúté náà. Ní 1987, wọ́n fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Ẹni tó bá dàgbà nígbà náà kò ní gbàgbé bí búrẹ́dì ṣe di ohun ọ̀wọ́n, tí fúláwà sì ń gba ẹnubodè wọlé lóru. Nígbà tó di 1992, wọ́n tú òfin náà ká.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀gẹ́. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé. Èèyàn rò pé ohun tí a ní lọ́pọ̀ yanturu yẹ kó lè gbà wá. Lábẹ́ Ààrẹ Ọbásanjọ́, ní 2005, ìjọba ní kí àwọn ọlọ́lọ̀ àlìkámà máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sínú fúláwà. Lábẹ́ Ààrẹ Jonathan, Mínísítà Ọ̀gbìn, Akínwùmí Adéṣínà, gbé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ wọ ilé ìjọba l'Ábùjá. Ààrẹ jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé, ó sì sọ pé láti oṣù Keje 2012, owó orí kún owó orí ni fún fúláwà àti àlìkámà tó ń wọlé, ẹ̀dínwó owó orí sì wà fún oníbúrẹ́dì tó bá lo ẹ̀gẹ́ dé ìdá ogójì.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ yín lónìí kí ẹ bèèrè búrẹ́dì ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ń tà á yóò wò yín lójú.

Níbi tí búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ ti kọsẹ̀

Oníbúrẹ́dì kan ní agbègbè Ẹgbẹ́dá, tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà ọmọ iṣẹ́, sọ pé òun gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ bá kéré, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí ó bá ti pọ̀ díẹ̀, búrẹ́dì kì í ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì máa ń rún. Oníbàárà wa kì í bèèrè ohun tó wà nínú búrẹ́dì, ó ní. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá ti fẹ̀ sí i, wọ́n á lọ ra ti ẹlòmíràn.

Ìdí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ fún onímọ̀ oúnjẹ. Yíìsì inú búrẹ́dì máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ohun tó sì ń di afẹ́fẹ́ náà mú kó má baà sá lọ ni gluten àlìkámà. Ẹ̀gẹ́ kò ní gluten rárá. Bí a ṣe ń fi ẹ̀gẹ́ kún un, bẹ́ẹ̀ ni à ń yọ òpó kúrò lábẹ́ búrẹ́dì.

Gbogbo ẹ̀bi kọ́ ló sì jẹ́ ti gluten. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń mú ìyẹ̀fun rẹ̀ gbẹ ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí gàrí bá sì wọ́n, àgbẹ̀ á ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún àwọn onígàrí, ta ló máa dá a lẹ́bi? Àwọn ọlọ́lọ̀ ńlá ní kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù wá lóṣooṣù, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Àwọn tó ń ṣe é lábúlé kò lè dá irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀gẹ́ kò jáwé olúborí nítorí pé ìdí búrẹ́dì ni wọ́n gbé e lọ. Nínú gbogbo ohun tí a ń fi fúláwà ṣe, búrẹ́dì ló nílò gluten jù, òun gan-an ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo máfíìnì. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í gba wákàtí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Ẹyin àti sítáàṣì ló ń dì í mú. Gluten tí búrẹ́dì ń wá kiri, òun ni ẹni tó ń ṣe máfíìnì ń sá fún. Ẹ̀gẹ́ tó jẹ́ àléébù nínú búrẹ́dì, nínú máfíìnì ó ń jẹ́ kó rọ̀ ni.

Lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́

Ìmọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò sí lókè òkun. Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 wà lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní agbègbè Akínyẹlé, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó 1,000 hẹ́kítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀gẹ́ tí kì í tètè kó àìsàn. Àgbẹ̀ kan lápá Ẹrúnmu ka orúkọ àwọn ẹ̀gẹ́ tó ti gbìn fún wa: Odóńgbó àti Ọkọ Ìyàwó tí àwọn bàbá rẹ̀ ń gbìn, àti èyí tí gbogbo wọn ń pè ní TME. TME 419 nìyẹn, tí orísun rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ Tógò. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó máa ń dúró ṣánṣán, kì í sì í yọ ẹ̀ka káàkiri oko.

Ní 2011, IITA àti iléeṣẹ́ ìwádìí irúgbìn oníṣu tó wà ní Umudike gbé ẹ̀gẹ́ mẹ́ta jáde tí inú wọn pọ́n bí ìyeyè, tó ní fítámì A. Máfíìnì tí a bá fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe máa ń ní àwọ̀ tó wuni láìfi ohunkóhun kùn ún. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àti ọjọ́ gígùn máa ń jẹ fítámì yìí, torí náà inú ike tó ní ọmọrí, níbi tí oòrùn kò dé, ni kí a tọ́jú ìyẹ̀fun náà sí, kí a sì tètè lò ó.

Ìyẹ̀fun tí à ń wí kì í ṣe láfún o. Láfún ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún títí ó fi kan, tí a wá sá a. Ó dára fún òkèlè. Bí a bá fi ṣe máfíìnì, kíkan rẹ̀ kò ní fara sin. Ìyẹ̀fun tó yẹ kò gbọ́dọ̀ kan rárá. Lọ́jọ́ tí a wú ẹ̀gẹ́ náà ni a ó ti bó o, tí a ó fọ̀ ọ́, tí a ó rin ín, tí a ó sì fún omi rẹ̀ dànù lábẹ́ jáàkì bí ìgbà tí a bá ń ṣe gàrí. A kò ní jẹ́ kó sùn sínú àpò. A ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a ó sá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ọ̀rá tó mọ́ nínú oòrùn ganrínganrín, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì kù ú. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di kílò kan ìyẹ̀fun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fo rírin àti fífún yẹn. Oró kan wà nínú ẹ̀gẹ́, ó pọ̀ nínú èyí tó korò. Rírin ló ń tú oró náà sílẹ̀, fífún ló ń gbé púpọ̀ rẹ̀ lọ, sísá ló sì ń lé èyí tó kù. Ẹni tó kàn gé ẹ̀gẹ́ gbàǹgbà gbàǹgbà, tó sá a, tó sì lọ̀ ọ́ fún ọmọ jẹ ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu.

Bí a ṣe ń ṣe é

Agolo mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ. Ẹ wọn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ 125 gíráàmù àti fúláwà 125 gíráàmù. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo ife kan ife kan. Ife ìmutíì tó kún déédéé náà á ṣe é. Ẹ kù wọ́n pọ̀. Ṣúgà 100 gíráàmù tẹ̀lé e, bákíǹ páúdà ṣíbí tíì méjì ààbọ̀, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, àti nọ́tímẹ́ègì díẹ̀ tí a rin.

Nínú abọ́ kejì, ẹ tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó ti pọ́n gan-an títí yóò fi rọ̀ pátápátá. Ẹ fọ́ ẹyin méjì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú abọ́ mìíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, nítorí ẹyin kan ṣoṣo tó ti bàjẹ́ lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ da òróró 80 mìlílítà sí i, àti mílíìkì oníyẹ̀fun tí ẹ ti fi omi pò, 200 mìlílítà. Ẹ lù ú pọ̀.

Iná ló kàn kí a tó pa abọ́ méjèèjì pọ̀, nítorí bí bákíǹ páúdà bá ti kan omi, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ìkòkò tó nípọn ni kí ẹ lò, kí iyanrìn inú rẹ̀ ga tó ìka méjì. Bí iyanrìn bá tutù, ooru omi ni yóò máa mú jáde, máfíìnì á sì di sísè dípò yíyan. Ẹ dé e, kí ó gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èédú máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dá a, kì í ṣe inú ilé ìdáná tó há. Ẹni tó bá ní ààrò gáàsì tàbí ti iná mànàmáná, kó gbé e sí 180 sí 190 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Nígbà yìí ni kí ẹ da olómi sínú gbígbẹ. Ẹ pò ó bíi ìgbà mẹ́wàá sí méjìlá. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ máa ń mu omi ju fúláwà lọ, torí náà bí ó bá ki jù, tí kò ṣàn kúrò lórí ṣíbí wúyẹ́, ẹ fi mílíìkì díẹ̀ kún un. Ẹ fi òróró pa inú agolo, ẹ bu ohun pípò náà sí i kó ju ìdajì lọ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kún. Ó máa wú.

Ẹ tò wọ́n sórí irin, ẹ dé e, ẹ fi ẹ̀yin iná díẹ̀ sórí ọmọrí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 35 ni nínú ìkòkò. Kí ẹ má ṣí i wò kó tó tó ogún ìṣẹ́jú, nítorí atẹ́gùn tútù lè mú kí àárín rẹ̀ jìn. Bí ẹyọ ìgbálẹ̀ bá jáde láìmú ohun tútù dání, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó gbọn ọ́n jáde.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fúláwà rárá lè lo ẹ̀gẹ́ nìkan. Kí ó fi ẹyin kan kún ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dì ju ti ìdajì-ìdajì lọ, ó sì dára jù kí a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn tí kò gbà

A kò gbọ́dọ̀ pa á mọ́ pé àwọn kan kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yìí. Olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa oúnjẹ aṣaralóore ní Ìbàdàn kìlọ̀ pé sítáàṣì ni ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Èròjà purotéènì inú fúláwà àlìkámà máa ń tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ti ẹ̀gẹ́ kì í sábà ju méjì. Ó ní bí a bá yọ àlìkámà tí a kò sì fi nǹkan dípò rẹ̀, oúnjẹ ọmọ ni a ti dín kù.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a sì gbà á. Ẹyin ni kí ẹnikẹ́ni má dín nínú máfíìnì ẹ̀gẹ́. Ẹ̀pà tí a yan tí a sì gún, ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, yóò ṣe púpọ̀; ìyẹ̀fun sóyà tí a ti yan náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti ṣúgà, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti pọ́n dáadáa, 70 gíráàmù tó, ọmọ kò ní mọ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé ti ẹ̀gẹ́ kò ní ṣúgà nínú. Sítáàṣì rẹ̀ máa ń tètè di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.

Àtakò kejì wá láti ẹnu àwọn ìyá fúnra wọn, òun ló sì dùn mí jù: wọn kì í rí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó dára rà. Gàrí wà ní gbogbo ìkóríta, láfún wà, fùfú wà. Ìyẹ̀fun tí kò kan, tó funfun, tó kúnná, á di kí èèyàn mọ ẹni tó mọ ẹni. Ìyá tí a bá nídìí ààrò yẹn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń rin gàrí ní abúlé kan lẹ́bàá Lálúpọn ló ti ń gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń ya agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wú u, wọ́n á rin ín ṣáájú èyí tí wọ́n máa fi ṣe gàrí, oòrùn ọjọ́ méjì ló sì ń mú un gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin onígàrí Ìyànà Ọ̀fà, Lálúpọn, Ẹrúnmu, Akànrán àti Mọníyà, ẹ̀yin là ń bẹ̀. Ẹ̀rọ ìrin wà lọ́wọ́ yín, jáàkì wà, oòrùn wà. Ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó kan, ẹ dì í sínú ọ̀rá kílò kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ̀ ọ́ sí i lára, kí ẹ sì gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Adégbàyí, Alákìá àti ọjà Bódìjà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lè fi ilé ìsánǹkan tó ní òrùlé ọ̀rá ràn yín lọ́wọ́ fún àsìkò òjò, nítorí òjò ni ọ̀tá ìyẹ̀fun yìí. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó ń ka ìwé yìí, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti ń ra gàrí lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá ní in, ẹ sọ fún un pé ẹ máa rà á.